Parkinson wọ Bàbá lára, wọ́n wá ń lu Màmá: ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ ọ́. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí dókítà ti sọ pé Parkinson ló ń ṣe bàbá mi. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ló ń gbọ̀n tí ẹsẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lu Màmá. Bí Màmá bá fẹ́ wẹ̀ fún wọn láàárọ̀, Bàbá á gbá wọn létí. Bàbá tún ní ọkùnrin kan ń sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì, pé òun ni Màmá ń gbé oúnjẹ fún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a rí i pé ojú Màmá wú. Wọ́n ní orí bẹ́ẹ̀dì ni Bàbá ti kan àwọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lóru. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní kí dókítà fi kún oògùn. Àbúrò Bàbá ní ká gbé wọn lọ sí Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta. Pásítọ̀ wa ní ẹ̀mí àjèjì ni, ká dá oògùn dúró fọ́jọ́ mẹ́ta ká fi gbààwẹ̀. Màmá ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

* * *

Ẹ má dá oògùn dúró. Mo fi èyí ṣáájú nítorí òun ló lè pa Bàbá kíákíá. Levodopa, oògùn Parkinson tó wà nínú Sinemet àti Madopar, ni ara wọn fi ń rọ́nà gbéra. Ẹni tó ti ń lò ó fún ọdún gbọọrọ, bí ó bá já a lójijì, ara á le gbagidi, ibà líle á dé, iyè á dàrú, ó sì lè gba ibẹ̀ kú. Ẹ bá Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kí wọ́n máa gbàdúrà, kí àwọn ará ilé tí ara wọn le máa gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá á jẹun, Bàbá á sì lo oògùn lásìkò. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ̀ pé ẹ̀sìn yọ aláìsàn sílẹ̀ nínú ààwẹ̀ Ramadan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí wọ́n de Bàbá mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ẹgba lé ẹ̀mí jáde, ẹ gbé wọn kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì tọ́jú ìyá ọkọ mi tí àìsàn yìí kan náà ṣe títí wọ́n fi re ìwàlẹ̀ àsà. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo yín ń pe nǹkan mẹ́ta. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ ní balùwẹ̀ láàárọ̀ ní ìdí tirẹ̀. Ti ọkùnrin ẹ̀yìn kọ́tìnì ní ìdí tirẹ̀. Ti orí bẹ́ẹ̀dì lóru, òun náà dá dúró. Àtúnṣe wọn kò sì papọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n yín, àbúrò Bàbá àti Pásítọ̀ fi ń fa ọ̀rọ̀ síbí fa á sọ́hùn-ún. Kò tíì sí ẹni tó béèrè pé aago mélòó ni ọwọ́ ń balẹ̀ lára Màmá.

* * *

Ẹ jẹ́ ká mú ti òru kọ́kọ́, torí òun ló rọrùn jù.

Bí a bá ń lá àlá, ọpọlọ máa ń ti ara mọ́lẹ̀ kí a má baà máa ṣe ohun tí à ń rí. Lára ọ̀pọ̀ tó ní Parkinson, títì yẹn ti bàjẹ́. Ẹni náà á máa lá àlá pé olè wọlé tàbí ajá ń lé òun, á sì máa ja ìjà náà ní ti gidi: á ta ìpá, á kan ẹ̀ṣẹ́, á figbe ta. Ẹni tó bá sùn tì í ló máa ń jẹ ẹ́. Ó lè ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún púpọ̀ kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ bi Màmá bóyá Bàbá ti máa ń pariwo lójú oorun láti ìgbà tí ara wọn ṣì dá. Ẹ bi wọ́n bóyá ojú Bàbá wà ní dídì nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ náà bà wọ́n. Bí wọ́n bá jí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń sọ àlá tó ń lá gan-an, á sì yà á lẹ́nu pé òun ṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá ò bínú sí Màmá rárá. Kí Màmá lọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mìíràn, nínú yàrá kan náà bí wọ́n bá fẹ́. Kí ẹ gbé tábìlì, ife àti fìtílà kúrò lẹ́bàá orí Bàbá, kí ẹ tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ìṣubú. Dókítà lè fún wọn ní melatonin, tàbí clonazepam díẹ̀, ṣùgbọ́n clonazepam máa ń mú àgbàlagbà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì lè da iyè rú, nítorí náà ẹ má rà á fúnra yín ní kẹ́míìsì.

* * *

Ẹnì kan láti Abẹ́òkúta fèsì pé ìyàwó tó bá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ọkọ nígbà àìsàn ti kọ ọkọ sílẹ̀ nìyẹn, pé ẹbí ọkọ ò ní gbàgbé.

Mo mọ ẹbí tó ń sọ bẹ́ẹ̀. N ò gbà fún wọn. Màmá tí egungun ojú rẹ̀ bá kán lóru, ta ni yóò wẹ̀ fún Bàbá lọ́la? Àwọn ẹbí tó ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn kì í wá sùn mọ́jú. Ẹ jẹ́ kí dókítà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lójú àbúrò Bàbá pé àìsàn ló fà á tí wọ́n fi ń sùn lọ́tọ̀. Bí ó bá ti ẹnu dókítà jáde, wọ́n máa ń gbà.

* * *

Ó kan ti balùwẹ̀.

Levodopa kì í ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ń gòkè, ó ń wálẹ̀. Bí ó bá ti wálẹ̀, ara le, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkàn náà á sì wálẹ̀: jìnnìjìnnì á bo aláìsàn, á máa kanra, á máa bẹ̀rù. Láàárọ̀ kùtù, kí oògùn àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́, ni ó máa ń burú jù. Àkókò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé ń wẹ̀ fún aláìsàn.

Ọmọ tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti tọ́jú ìyá ọkọ mi, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló máa ń fẹ́ parí ìwẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá á dúró gbọingbọin lójú ìlẹ̀kùn balùwẹ̀, wọn ò lè gbé e, wọn ò sì lè sọ ọ́, torí ohùn wọn ti wọlẹ̀. Ọmọ náà á di ọrùn ọwọ́ wọn mú, á máa fà wọ́n. Ìyá á di férémù ìlẹ̀kùn mú. Bí ó bá tún fà wọ́n, wọ́n á bù ú jẹ. Ẹ wò ó láti ojú ìyá: ara ti le, ilẹ̀ tutù, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn máa ṣubú, ẹnì kan tún ń fà wọ́n lọ síwájú. A fún wọn ní oògùn wọn ní kùtù, a fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jókòó, ìgbà tí ọwọ́ wọn bá rọ̀ tí wọ́n lè fi di ife mú fúnra wọn la tó pe omi. Bí ẹsẹ̀ bá lẹ̀, a kì í fa wọn mọ́, a máa ní kí wọ́n gbé orúnkún sókè kí wọ́n tẹ ìlà tá a fi teepu fà sílẹ̀. Wọ́n ò bu ẹnikẹ́ni jẹ mọ́ ní balùwẹ̀.

Ohun mìíràn ni oúnjẹ. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹran àti ẹja máa ń bá levodopa du ọ̀nà tó máa gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Bí Bàbá bá lo oògùn pẹ̀lú ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè pẹ́ kí oògùn tó ṣiṣẹ́, tàbí kí ó má ṣiṣẹ́ dáadáa rárá. Ẹ fún wọn ní oògùn ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ. Bí ó bá ń rìn wọ́n ní èébì, kí wọ́n fi búrẹ́dì díẹ̀ tàbí ẹ̀kọ nìkan gbè é.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ aago oògùn, aago oúnjẹ, aago oorun, àti aago tí Bàbá bínú, pẹ̀lú ohun tí ẹni tó wà nítòsí ń ṣe lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ máa rí i bóyá ìbínú náà ń tẹ̀lé oògùn. Ìwé yìí wúlò fún dókítà ju "wọ́n ń yọ wá lẹ́nu" lọ.

* * *

Ẹni tó béèrè ìbéèrè padà wá: "Ẹ ṣé mà. Màmá ní òótọ́ ni, Bàbá ti máa ń jà lójú oorun kí wọ́n tó bí àbíkẹ́yìn wa. Ti balùwẹ̀ náà, kí ó tó di aago mẹ́fà ni. Ṣùgbọ́n ti ọkùnrin ẹ̀yìn kọ́tìnì kò ní aago, ìrọ̀lẹ́ ló pọ̀ jù. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí dókítà fi kún Artane nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Bàbá tún ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ìtọ̀ náà sì ń rùn. Ẹnì kan tún ń bá wọn gún èso wèrèpè, wọ́n ní ó ń wo Parkinson."

* * *

Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín.

Ìtọ̀ kọ́kọ́. Bí iyè àgbàlagbà bá dàrú lójijì, ohun àkọ́kọ́ tí à ń wá ni kòkòrò nínú ìtọ̀, òtútù àyà, ibà, òùngbẹ, ìrora, àti ìgbẹ́ tí kò jáde. Parkinson fúnra rẹ̀ máa ń dí ìgbẹ́. Ẹ gbé ìtọ̀ Bàbá lọ fún àyẹ̀wò lọ́la, kí ẹ sì bi Màmá pé ọjọ́ wo ni Bàbá yàgbẹ́ gbẹ̀yìn. Mo ti rí àgbàlagbà tí gbogbo ilé ti pè ní wèrè, tí orí rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí wọ́n tọ́jú ìtọ̀ rẹ̀.

Artane ló tẹ̀ lé e. Ó pọ̀ káàkiri ilé ìwòsàn wa torí owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì ń dín gbígbọ̀n kù. Ṣùgbọ́n ọpọlọ àgbàlagbà kì í gbà á. Ó ń mú kí èèyàn gbàgbé nǹkan, ó ń mú kí èèyàn rí ohun tí kò sí. Bí dókítà tó mọ iṣẹ́ yìí bá fẹ́ dín oògùn ẹni tó ń rí ìran kù, irú Artane ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn oògùn Parkinson mìíràn: amantadine, selegiline, àti àwọn bíi pramipexole. Levodopa ló máa ń fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Ẹ bá mi sọ fún Ẹ̀gbọ́n ní London pé ọ̀rọ̀ "ẹ fi kún oògùn" kò tó. Èwo ni ká fi kún? Ìfikún-un lè jẹ́ òun gan-an ló gbé ọkùnrin yẹn sẹ́yìn kọ́tìnì.

Wèrèpè ń kọ́? Àwọn tó ń lò ó kò purọ́, levodopa wà nínú èso rẹ̀ lóòótọ́, àwọn onímọ̀ sì ti ṣèwádìí lé e lórí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn gan-an. Bàbá ń lo levodopa ti kẹ́míìsì, wọ́n tún ń mu ti inú igbá tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n. Àpọ̀jù rẹ̀ ń mú kí èèyàn rí ìran, kí ara sì máa jà gìrìgìrì. Kí ẹni tó ń gún un dúró ná, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé wọ́n ti ń mu ún.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó lè jẹ́ pé àìsàn náà ti dé ọpọlọ tí à ń fi ronú. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sydney ní Australia, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2008, wọ́n tẹ̀ lé àwọn aláìsàn fún 20 ọdún. Nínú àwọn tó ṣì wà láàyè, 83% ló ti ń ṣarán, 74% sì ni ìran rírí ti bá. Ẹ̀sùn pé ìyàwó ń yan àlè wà lára ohun tí Parkinson máa ń gbé sọ́kàn ọkùnrin tí kò fura sí ìyàwó rẹ̀ rí. Màmá ò jẹ gbèsè àlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Nílé, ẹ má bá Bàbá jiyàn pé kò sí ọkùnrin kankan. Ẹ má sì sọ pé ẹ rí i. Ẹ ní, "Mo gbọ́ yín, Bàbá. Ọkàn yín ò balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó." Ẹ tan iná, ẹ ṣí kọ́tìnì. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: agbádá tí wọ́n fi kọ́ ìṣó lára ilẹ̀kùn, bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, ó jọ èèyàn tó dúró. Bí NEPA bá mú iná lọ, òjìji láńtánì ń rìn lára ògiri. Ẹ ká kọ́tìnì, ẹ kó aṣọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ tan iná alágbára bátìrì kí òkùnkùn tó wọlé.

* * *

Ní ti Aro: n kò bá àbúrò Bàbá jà. Ilé ìwòsàn tó ti ń tọ́jú èèyàn láti ọdún 1954, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ló darí rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilé àbùkù. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí ẹ bá gbé Bàbá lọ, Aro ni o, UCH ni o, tàbí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá ilé, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu yín jẹ́ pé Parkinson ló ń ṣe wọ́n. Bí aláìsàn bá ń jà, haloperidol tàbí Largactil, oògùn tí wọ́n fi ń mú orí wálẹ̀, ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ kàn. Àwọn oògùn yìí ń dí ibi tí dopamine, èròjà tó ń jẹ́ kí ara lè gbéra, ti ń ṣiṣẹ́ lọ́pọlọ, ẹni tí dopamine rẹ̀ ti tán ni wọ́n tún wá ń dí i fún. Aláìsàn lè má lè gbéra mọ́, kó má lè gbé itọ́ mì. Risperidone àti olanzapine náà léwu fún wọn. Plasil tí wọ́n ń fún èèyàn nítorí èébì wà nínú ẹbí kan náà.

Bí ó bá di dandan kí wọ́n lo oògùn fún ìran, quetiapine díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà ń kọ. Clozapine ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́ torí ó lè pa ẹ̀jẹ̀ funfun. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí pimavanserin ní 2016 fún ìṣòro yìí gan-an. Rivastigmine wà fún iyè tó ń rá. Gbogbo oògùn ìran yìí ló ní ewu fún àgbàlagbà tó ń ṣarán, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wo ìtọ̀ àti Artane ná.

* * *

Ẹnì kan ní àìsàn òyìnbó ni Parkinson, pé bí ó bá mú ọmọ Yorùbá, àfọwọ́fà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà wa ní Nàìjíríà wà nínú iṣẹ́ ìwádìí tó jáde ní 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Èkó wà lára wọn. Wọ́n rí àyípadà kan nínú jíìnì GBA1 tó ń fi kún ewu Parkinson, lára àwa aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ sí. Àìsàn wa ni, àwa náà la ó tọ́jú rẹ̀.

* * *

Ẹlòmíràn fi ìbínú kọ̀wé: "Bàbá tèmi ò lu dókítà rí. Kò lu èmi rí. Ìyá mi nìkan ló ń lù. Bí wọ́n bá dé ọsibítù, á di èèyàn jẹ́jẹ́. Ẹ má fi àìsàn bo ìwà mọ́lẹ̀."

Ọ̀rọ̀ gidi nìyí, mi ò sì ní gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń ṣara gírí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ níwájú àlejò, tí ó bá délé á rẹ̀ wọ́n wá. Ẹni tó ń bọ́ ṣòkòtò wọn, tó ń fún wọn ní oògùn kíkorò, tó ń sọ pé "ẹ má dìde," òun ni ìbínú ń bá. Dókítà kì í bọ́ ṣòkòtò wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin kan wà tó ti ń lu ìyàwó wọn láti ọjọ́ pípẹ́, kí ọwọ́ wọn tó gbọ̀n rárá. Àìsàn ò bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Ẹ bi ìyá yín ní ìkọ̀kọ̀, láìsí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àṣà àtijọ́, ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n fara dà á nítorí Parkinson ni. Ẹlòmíràn ni kó máa wẹ̀ fún bàbá yín. Bóyá ìwà ni o, bóyá àìsàn ni, àyè kò sí fún lílu ìyá yín lójoojúmọ́ títí wọ́n á fi ṣubú.

* * *

Arákùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní Manchester ní àwọn aláìsàn ń kan òun lẹ́ṣẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń fi àwọ̀ ara òun bú òun, ọ̀gá òun ní "ó wà lára iṣẹ́".

Kò sí lára iṣẹ́, àbúrò mi. Òfin Health and Safety at Work ti 1974 di ọrùn agbanisíṣẹ́ láti dáàbò bo òṣìṣẹ́, ìwà ipá náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, pẹ̀lú aago oògùn. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí kì í kọ ọ́ torí ìwé ìgbélùú. Àkọsílẹ̀ yẹn náà ló máa jẹ́ kí dókítà rí i pé oògùn ń dé pẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní London, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn tó ń tọ́jú èèyàn wọn nílé ní England ní ẹ̀tọ́ sí kí káńsù wá wo àìní tiwọn, lábẹ́ Care Act 2014. Níbí, a ò ní irú káńsù bẹ́ẹ̀. Owó tó ń fi ránṣẹ́ fún oògùn dáa, kó fi èyí tí Màmá máa fi gba olùrànlọ́wọ́ kún un.

* * *

Mo padà sọ́dọ̀ yín ní Ìbàdàn.

Lónìí, ẹ kó àdá, ọ̀bẹ àti ọmọ odó kúrò níbi tí ọwọ́ Bàbá lè tó. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn náà lè di kùmọ̀. Ẹ bi dókítà bóyá fírémù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lè rọ́pò rẹ̀. Kí Màmá má ṣe dúró sí igun yàrá nígbà tí ìbínú bá dé, kí ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn wọn. Bí Bàbá bá di ọwọ́ wọn mú, kí wọ́n má jà á gbà. Kí wọ́n sún mọ́ Bàbá díẹ̀, kí wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọwọ́ á tú fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí kò bá tú, kí wọ́n pe aládùúgbò. Ẹ lọ sọ fún aládùúgbò kan ṣáájú, ẹni tó lẹ́nu rere, kó mọ̀ pé wọ́n lè pè é. Mo mọ̀ pé Màmá ní kí ẹ má sọ. Ìtìjú tó ń ṣe wọ́n yé mi, ṣùgbọ́n àṣírí yìí ti wú lójú wọn.

Tí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ kó gbogbo oògùn inú ilé sínú àpò kan, títí kan wèrèpè, kí ẹ mú ìwé aago yẹn dání, pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò ìtọ̀. Kí ẹnì kan mú Bàbá jókòó níta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí Màmá nìkan wọlé. Ẹ bi dókítà bí wọ́n ṣe máa dín Artane kù àti ọjọ́ tí ẹ máa padà wá. Kí ẹ sì kọ orúkọ haloperidol, Largactil àti Plasil sórí pépà kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì ọsibítù Bàbá, kí ẹnikẹ́ni tó bá gbé wọn lọ lóru lè fi han nọ́ọ̀sì.